Kí Wọ́n Tó Gbé Kẹ́míkà Wọ Kíláàsì: Bí A Ṣe Ń Wádìí Ilé Iṣẹ́ Tó Fẹ́ Wá Ṣe Sáyẹ́ǹsì Nílé Ìwé ní Àbújá

Lẹ́tà náà dé ọ́fíìsì ọ̀gá ilé ìwé wa ní Kubwa ní ọ̀sẹ̀ kẹta táàmù kejì. Bébà tó nípọn ni, àmì iléeṣẹ́ ìjọba mẹ́rin tò sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó kọ ọ́ ní àwọn fẹ́ wá ṣe ọ̀sẹ̀ sáyẹ́ǹsì fún àwọn ọmọ, kí òbí kọ̀ọ̀kan san ẹgbẹ̀rún mẹ́fà náírà. Inú gbogbo wa dùn. Èmi ni akọ̀wé PTA nígbà náà, èmi náà ni mo kọ ìwé tí a fi gba owó lọ́wọ́ àwọn òbí. Lọ́jọ́ tí wọ́n máa wá, aago mẹ́jọ la jọ fi àdéhùn sí. Aago mẹ́wàá ti kọjá kí wọ́n tó yọjú. Ọ̀dọ́mọkùnrin méjì péré ló sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Wọ́n kó ọgọ́fà ọmọ jọ sínú gbọ̀ngàn, wọ́n da spírítì sínú àwo, wọ́n ṣáná sí i kí iná lè yọ àwọ̀ oríṣiríṣi. Nígbà tó jọ pé iná ti kú, ọ̀kan nínú wọn gbé ike spírítì, ó tún dà á lé e. Iná ò tíì kú. Ó fò mọ́ ọmọbìnrin kan tó jókòó níwájú, ó jó irun ìpéǹpéjú rẹ̀ àti irun iwájú orí rẹ̀. Ọlọ́run ló yọ ojú ọmọ náà.

Nígbà tí bàbá rẹ̀ ní ká wá wọn kàn, fóònù wọn ò lọ mọ́. Àdírẹ́sì tó wà lórí lẹ́tà gbé wa dé Wuse 2, ilé oúnjẹ la bá níbẹ̀, àwọn tó ń tajà níbẹ̀ ò sì gbọ́ orúkọ wọn rí. Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ náà. Ohun tó ń dùn mí títí dòní ni pé kò sẹ́nì kankan nínú wa tó béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo lọ́wọ́ wọn kí owó tó kúrò lọ́wọ́ wa.

Láti ìgbà yẹn, ilé iṣẹ́ kankan kì í wọ ilé ìwé wa láìjẹ́ pé a gba ọ̀nà tí mo fẹ́ là sílẹ̀ yìí. Òbí lè ṣe é, olùkọ́ lè ṣe é, ọ̀gá ilé ìwé náà lè ṣe é. Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, owó tó sì ń gbà ò ju owó ọkọ̀ àti káàdì fóònù. Ẹ ṣáà rántí pé ìwádìí méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà níbẹ̀. Èkíní: ṣé ilé iṣẹ́ yìí wà lóòótọ́? Èkejì: ṣé wọ́n mọ iṣẹ́ tí wọ́n ní àwọn fẹ́ wá ṣe? Ọ̀pọ̀ ilé ìwé máa ń ṣe èkíní tán, wọ́n á rò pé àwọn ti ṣe èkejì.

1. Ẹ gba nǹkan márùn-ún lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó pè wọ́n jókòó

Ẹ gba orúkọ ilé iṣẹ́ náà bó ṣe wà nínú ìwé CAC, àjọ ìforúkọsílẹ̀ ilé iṣẹ́, pẹ̀lú nọ́mbà rẹ̀. Ẹ gba àdírẹ́sì ọ́fíìsì tí ènìyàn lè fẹsẹ̀ dé. Ẹ gba orúkọ gbogbo ẹni tó máa wọ kíláàsì. Ẹ gba àkójọ gbogbo práktíkà tí wọ́n fẹ́ ṣe, kí wọ́n kọ ohun èlò kọ̀ọ̀kan àti bó ṣe pọ̀ tó sí i. Paríparí rẹ̀, ẹ gba orúkọ ilé ìwé mẹ́fà tí wọ́n ti lọ láàárín ọdún méjì sẹ́yìn.

Ẹ fún wọn ní ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí lójoojúmọ́ ti ní gbogbo rẹ̀ nílẹ̀, ó lè fi ránṣẹ́ kó tó di alẹ́. Èyí tó bá ń sọ pé, “Mà, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fi déètì síbẹ̀ ná, ilé ìwé mìíràn ti ń bẹ̀ wá,” ìkánjú yẹn gan-an ni kí ẹ fura sí.

2. Ẹ yẹ orúkọ wọn wò lọ́dọ̀ CAC

CAC ni àjọ tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ẹnikẹ́ni ló sì lè wá orúkọ ilé iṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì wọn. Ẹ lọ síbẹ̀ fúnra yín. Fọ́tò ìwé ẹ̀rí tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp kì í ṣe ẹ̀rí, torí ọmọ tó mọ fóònù lò lè yí orúkọ inú rẹ̀ padà kí ẹ tó mu omi tán.

Ẹ wo lẹ́tà tó ṣáájú nọ́mbà náà. RC ni ilé iṣẹ́ tó dá dúró lábẹ́ òfin, èyí tó ní àwọn dáyirẹ́kítọ̀. BN jẹ́ orúkọ òwò lásán. Ẹni tó ni ín àti òwò náà jọ jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo lójú òfin. IT ni ti àwọn ẹgbẹ́ tí kì í ṣe torí èrè. Kò sí èyí tó burú nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àmọ́ bí wọ́n bá pe ara wọn ní kọ́ńpìnì ńlá lórí lẹ́tà, tí ẹ wá bá BN níbẹ̀, ẹ ti rí ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ẹ máa bi wọ́n.

Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n forúkọ sílẹ̀. Bí lẹ́tà bá ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni àwọn ti ń ṣe é, tí CAC sì ní ọdún tó kọjá, wọ́n lè ní àlàyé tó mọ́gbọ́n dání, ẹ ṣáà jẹ́ kí wọ́n ṣe é. Ẹ wò ó bóyá wọ́n kọ ACTIVE tàbí INACTIVE síbẹ̀. Èkejì yẹn máa ń fi hàn pé wọn ò fi ìròyìn ọdọọdún wọn ránṣẹ́ sí CAC. Kì í sọ ilé iṣẹ́ di ti onígbàjúẹ̀. Ẹni tí kò bìkítà nípa ìwé tirẹ̀ ni mo máa ń rò ó sí.

Kí ẹ fi ojú bálẹ̀ ka orúkọ náà. Lẹ́tà kan ṣoṣo lè jẹ́ ìyàtọ̀ láàárín ilé iṣẹ́ tí ayé mọ̀ àti èyí tó ń sá pamọ́ sábẹ́ òjìji rẹ̀. Bí owó náà bá pọ̀, ilé àgbà CAC wà ní Maitama níbí, ẹ lè san owó kí wọ́n fún yín ní ìwé tí wọ́n ń pè ní status report, orúkọ àwọn dáyirẹ́kítọ̀ á wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ rán ẹnì kan lọ sí àdírẹ́sì ọ́fíìsì wọn. Ká ní a ti rán ẹnì kan lọ sí Wuse 2 lọ́jọ́sí ni, ilé oúnjẹ yẹn là bá kọ́kọ́ rí.

3. Àmì iléeṣẹ́ ìjọba tó wà nísàlẹ̀ lẹ́tà

Àwa tí a wà ní Àbújá ní àǹfààní kan tí àwọn ará ibòmíràn ò ní: iléeṣẹ́ tí wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ dẹ́rù bà wá, ọkọ̀ kan ṣoṣo ló máa gbé wa dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Bí wọ́n bá ní àwọn àti NASRDA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìmọ̀ gbangba òfurufú, jọ ń ṣiṣẹ́, ilé NASRDA ni Obasanjo Space Centre tó wà lójú ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú. Bí wọ́n bá dárúkọ National Mathematical Centre tàbí SHESTCO, ibùdó ìwádìí sáyẹ́ǹsì ti ìjọba, Sheda ni àwọn méjèèjì wà, ní Kwali, lójú ọ̀nà Lokoja. Bó bá jẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ètò ẹ̀kọ́ ni, Federal Secretariat nìyẹn. Ẹ ya fọ́tò lẹ́tà náà, ẹ gbé e lọ, kí ẹ béèrè níbi tí wọ́n ti ń gba àlejò pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ mọ àwọn wọ̀nyí?”

Bí ẹ bá fẹ́ fi fóònù ṣe é, ẹ má pe nọ́mbà tó wà lórí lẹ́tà tí ẹ ń wádìí. Ẹni tó ṣe ayédèrú lẹ́tà ò ní ṣàì rí ọ̀rẹ́ tó máa bá a gbé fóònù. Lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ náà gan-an ni kí ẹ ti wá nọ́mbà.

Nípa ìwé àṣẹ láti wọ ilé ìwé: ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba àti ti girama kékeré wà lábẹ́ FCT-UBEB, ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti Àbújá, àwọn ilé ìwé aládàáni sì wà lábẹ́ ẹ̀ka Quality Assurance ti Education Secretariat. Ẹ̀yin tí ilé ìwé yín wà ní Mararaba, ẹ rántí pé Nasarawa lẹ wà, Lafia ni ti yín. Suleja wà lábẹ́ Niger, Minna ni tiwọn. Lẹ́tà àṣẹ tí wọ́n gbà ní Àbújá ò dé ọ̀dọ̀ yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìṣẹ́jú díẹ̀ lọkọ̀ fi ń ti Mararaba dé Nyanya tó jẹ́ ti Àbújá bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá gbà á láyè.

4. Ẹ pe àwọn ilé ìwé tí wọ́n ti lọ, kí ẹ sì bi olùkọ́ sáyẹ́ǹsì

Nínú ilé ìwé mẹ́fà tí wọ́n kọ, ẹ̀yin ni kí ẹ mú mẹ́ta. Èyí tí wọ́n bá fi ṣíwájú ni èyí tó fẹ́ràn wọn jù, nítorí náà mo máa ń mú láti ìsàlẹ̀. Ọ̀gá ilé ìwé máa ń yẹ́ni sí. Olùkọ́ tó wà nínú kíláàsì lọ́jọ́ náà ló mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Mo pe ọ̀kan ní Karu lọ́dún kan. Bí mo ṣe dárúkọ ara mi ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ Yorùbá.

“Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ má bínú pé mo dà yín láàmú. Àwọn kan ní àwọn wá ṣe sáyẹ́ǹsì fún àwọn ọmọ yín níjọ́sí.”

“Háà, Màmá, wọ́n wá o. Àmọ́ èmi ni mo bá wọn ṣe práktíkà yẹn parí.”

Kò sí ohun tí mo tún fẹ́ gbọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Bí ẹ ò bá bá olóòótọ́ bẹ́ẹ̀ pàdé, àwọn ìbéèrè tó ń tú àṣírí nìwọ̀nyí: Àwọn mélòó ló wá, ṣé àwọn tí wọ́n kọ orúkọ wọn náà ni? Ọmọ mélòó ló wà nídìí tábìlì kan? Ṣé àwọn ọmọ fọwọ́ kan nǹkan, àbí wọ́n kàn ń wòran? Kí ni èyí tí kò ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kí sì ni wọ́n ṣe nígbà tí kò ṣiṣẹ́? Ṣé ẹ máa tún pè wọ́n? Ẹ dákẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn ìbéèrè ìkẹyìn yẹn, ẹ jẹ́ kí olùkọ́ ronú.

Fọ́tò tí wọ́n ń gbé sórí Facebook náà ń sọ̀rọ̀. Ẹ wo inífọ́ọ̀mù àwọn ọmọ inú rẹ̀, ẹ wò ó bóyá ẹ lè ka orúkọ ilé ìwé lára báàjì. Ẹ fi Google Lens wá fọ́tò náà. Bó bá jẹ́ pé ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n ti yà á, ó lè fi ibi tó ti wá hàn yín.

Ohun kan tún wà tí àwa ará Àríwá gbọ́dọ̀ béèrè. Nínú kíláàsì kan ní Kubwa, ẹ máa rí ọmọ Gbagyi, ọmọ Hausa, ọmọ Yorùbá, ọmọ Igbo, àwọn kan níbẹ̀ ò sì tíì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa ní píráímárì kejì. Ǹjẹ́ ẹnì kan wà nínú wọn tó lè sọ ọ̀rọ̀ náà ní Hausa? Ọmọ tí kò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ nípa iná ni iná máa ń jó.

5. Sáyẹ́ǹsì fúnra rẹ̀

Ibí ni kí ẹ ti lo àsìkò jù. Ẹ gbé àkójọ práktíkà wọn fún olùkọ́ kẹ́mísírì tàbí físíìsì tí ẹ mọ̀, kódà bó jẹ́ ará ìjọ yín tàbí aládùúgbò. Bí kò bá sí, ohun tí mo kọ sísàlẹ̀ yìí á ràn yín lọ́wọ́.

Iná aláwọ̀ mèremère tó jó ọmọ wa yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Wọ́n máa ń da mẹ́tánọ́ọ̀lù tàbí spírítì mìíràn lé oríṣiríṣi iyọ̀ nínú àwo, wọ́n á sì ṣáná sí i. Ọwọ́ iná mẹ́tánọ́ọ̀lù kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ hàn ní ojúmọmọ, èyí ló ń mú kí ènìyàn rò pé ó ti kú. Bí wọ́n bá wá tún un dà, iná á gba ojú ọ̀nà ohun tí wọ́n ń dà padà sínú ike, ike á sì tu iná jáde bí ìbọn sí ẹni tó wà níwájú. Ó ti jó àwọn ọmọ ilé ìwé lágbára ní Amẹ́ríkà débi pé ní 2014, American Chemical Society, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì ilẹ̀ náà, ní kí àwọn olùkọ́ jáwọ́ nínú fífi spírítì ṣe é lórí tábìlì gbangba. Ọ̀nà mìíràn wà: wọ́n lè ri igi pẹlẹbẹ sínú omi iyọ̀, kí wọ́n nà án sójú iná Bunsen, iná gáàsì tí wọ́n ń lò ní láàbù. Àwọ̀ kan náà ló ń yọ. Bí wọ́n bá ní spírítì làwọn máa lò, ẹ ní rárá, ẹ má jẹ́ kí wọ́n bá yín jiyàn.

Àwọn nǹkan mìíràn tí mo máa ń wò:

Náítírójìn olómi tutù dé -196°C, yìnyín gbígbẹ (dry ice) sì jẹ́ -78.5°C. Àwọn méjèèjì ń jó awọ ara bí iná. Lítà kan náítírójìn olómi ń di nǹkan bí lítà 700 afẹ́fẹ́ bó bá gbóná, kò sì sí ọ́síjìn nínú afẹ́fẹ́ yẹn. Nítorí náà fèrèsé gbọ́dọ̀ wà ní ṣíṣí, èyíkéyìí nínú méjèèjì kò sì gbọdọ̀ wọ inú ìgò tí wọ́n dé pa, torí ó máa bú gbàù. Bí wọ́n bá ní àwọn máa ṣe ìfófòó tó ń ru jáde nínú ìgò, ẹ béèrè bí hydrogen peroxide wọn ṣe lágbára tó. Èyí tí a ń fi fọ egbò sábà jẹ́ 3%, ó tó fún ọmọdé láti wò. 30% máa ń bó awọ ọwọ́. Mẹ́kúrì kò gbọdọ̀ wọ kíláàsì rárá. Bí awò awọ̀nàjíjìn bá wà níbẹ̀ tí wọ́n fẹ́ fi wo oòrùn, asẹ́ tó ń dín ìmọ́lẹ̀ oòrùn kù (solar filter) gbọ́dọ̀ wà ní iwájú awò náà, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé, kì í ṣe níbi tí ojú ń kàn. Ìṣẹ́jú àáyá kan tó láti ba ojú ọmọ jẹ́. Bátìrì róbótó kéékèèké àti mágínẹ́ẹ̀tì kéékèèké ò gbọdọ̀ dé ọwọ́ àwọn ọmọ nọ́sìrì, torí wọ́n máa ń gbé e mì, ó sì ń dá ihò sí ikùn wọn.

Ewu nìyẹn. Ìmọ̀ ńkọ́? Ẹ pe ẹni tó máa wọ kíláàsì gan-an, kì í ṣe ọ̀gá tó wọ kóòtù, kí ẹ bi í ní ìbéèrè bíi mélòó kan. Ẹni tó bá máa dá ni láṣọ, ti ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nìyí. Mo máa ń so òkúta mọ́ okùn tó gùn tó mítà kan, mo á fì í. Mo á ní, “Bí mo bá so òkúta tó wúwo jù báyìí lọ mọ́ ọn, ṣé á yára sí i?” Ẹni tó mọ̀ á ní rárá, pé gígùn okùn ló ń pinnu rẹ̀, pé àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ á tó ìṣẹ́jú àáyá méjì yálà òkúta tóbi tàbí ó kéré. Bí ẹ bá gé okùn náà kù sí ìdá mẹ́rin, àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ á di ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tó sọ fún mi rí pé èyí tó wúwo ló ń sáré jù, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì sìn ín dé gééètì.

Ìbéèrè kejì: bó bá wà nínú àkójọ wọn pé wọ́n máa fi báálúùnù ra irun kó lè fa bébà mọ́ra, ẹ béèrè pé, “Ṣé á ṣiṣẹ́ nínú oṣù keje?” Nígbà ọyẹ́, tí afẹ́fẹ́ Àbújá gbẹ tí ètè gbogbo wa ń là, ó máa ń ṣiṣẹ́ bí idán. Nígbà òjò, omi inú afẹ́fẹ́ máa ń gba iná mànàmáná tí ríra náà mú wá sá lọ. Ẹni tó ti ṣe é lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún mọ èyí, kò sì ní láti rò ó.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹ̀rọ olówó iyebíye gbà yín lọ́kàn. Káún díẹ̀ nínú ife, kí wọ́n fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, á máa hó, afẹ́fẹ́ carbon dioxide tó ń jáde níbẹ̀ á pa àbẹ́là láìsí ẹni tó fẹ́ ẹ. Gbogbo ọmọ ló mọ káún nínú ilé ìdáná ìyá rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó bá ń fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kọ́ni, tó sì ń béèrè pé “kí lẹ rò pé ó máa ṣẹlẹ̀?” kó tó ṣe é, ó ti wọ ọkàn mi. Bó bá jẹ́ róbọ́ọ̀tì ni wọ́n fẹ́ kọ́ wọn, ẹ fi iye róbọ́ọ̀tì pín iye ọmọ. Ọmọ mẹ́rin sí ẹyọ kan dára. Ogún ọmọ sí ẹyọ kan, ìran ni wọ́n fẹ́ wò.

6. Ẹ̀jẹ̀ àti ìtẹ̀ka

Àwọn kan máa ń fi kún un pé àwọn á bá àwọn ọmọ ṣe àyẹ̀wò jínótáìpù. Ẹ dá a dúró. Èsì AA, AS tàbí SS tí ẹ gbà lónìí ni ọmọ yín á gbé dé ọjọ́ tó fẹ́ gbéyàwó tàbí tó fẹ́ lọ́kọ. Bó bá jẹ́ irọ́, ẹ mọ ohun tó lè bí. Iṣẹ́ onímọ̀ láàbù tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ MLSCN, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí iṣẹ́ láàbù ìṣègùn, ni, nínú láàbù tí ìjọba mọ̀ sí, pẹ̀lú ìwé tí òbí fọwọ́ sí, abẹ́rẹ́ tuntun fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Àwọn mìíràn á ní àwọn lè fi ìtẹ̀ka ọmọ mọ̀ bóyá dókítà ló máa dà tàbí lọ́yà. Kò sí sáyẹ́ǹsì kankan nídìí ìyẹn.

7. Àwọn ènìyàn tó ń wọlé tọ àwọn ọmọ

Ẹ fi orúkọ tí wọ́n fún yín wé káàdì ìdánimọ̀ wọn. NAPTIP, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti fífi ènìyàn ṣòwò, ní ìwé àkọsílẹ̀ àwọn tí wọ́n ti hùwà ìbàjẹ́ ìbálòpọ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2019, ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ wá orúkọ kọ̀ọ̀kan níbẹ̀. Orúkọ tí kò sí níbẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí pé ènìyàn rere ni, ìdí nìyẹn tí olùkọ́ yín kò fi gbọdọ̀ kúrò nínú kíláàsì fún ìṣẹ́jú kan. Kò sí ìdí kankan tí àlejò á fi dá mú ọmọ kan lọ síbì kan. Kò sì sí ìdí tí á fi gba nọ́mbà fóònù ọmọ.

Fọ́tò náà ńkọ́? Òfin ààbò dátà ti 2023 ní kí òbí fọwọ́ sí i kí ẹnikẹ́ni tó lo dátà ọmọdé, irú bí fọ́tò rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé wọn ò ní gbé ojú àwọn ọmọ yín sínú ìpolówó láìgba ìyọ̀ǹda.

8. Owó

Àkáǹtì tí ẹ máa san owó sí gbọ́dọ̀ jẹ́ orúkọ ilé iṣẹ́ tí ẹ rí ní CAC. Bí wọ́n bá ní kí ẹ san án sí ti ọ̀gá wọn torí “báǹkì ń ṣe ìdíwọ́”, ẹ dúró títí ìdíwọ́ náà á fi kúrò. Àwa kì í san ju ìdá mẹ́ta kan lọ ṣáájú, ìyókù di ìgbà tí wọ́n bá ṣe tán. Ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀: ọjọ́, aago, iye ọmọ, iye wákàtí, ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí owó bí wọn ò bá wá, àti ẹni tó máa san owó ìwòsàn bí ọmọ bá fara pa.

Ìwé ẹ̀rí “àgbáyé” tí wọ́n ń fi gbowó lé e, ẹ bi wọ́n pé ilé ìwé wo ló ń gbà á.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ṣòro láti sọ, mo máa sọ ọ́. Àwọn ilé iṣẹ́ kan máa ń fún ọ̀gá ilé ìwé tàbí olùkọ́ ní nǹkan lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan tó bá sanwó. Bó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ẹni tó yẹ kó bá wa wádìí ti ní ìdí tí kò fi ní wádìí. Ẹ béèrè rẹ̀ ní gbangba níbi ìpàdé PTA, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ẹ sì kọ ìdáhùn náà sínú ìwé ìpàdé.

9. Lọ́jọ́ náà

Kí òbí méjì dé kí wọ́n tó dé. Ẹ wo gíláàsì ààbò ojú: ṣé ó tó iye ọmọ tó máa wà nídìí tábìlì? Ẹ wo ohun èlò ìpaná, ẹ gbé korobá omi àti korobá iyẹ̀pẹ̀ sítòsí. Ẹ ṣí fèrèsé. Kí ìlà kan wà nílẹ̀ tí ọmọ kankan ò gbọdọ̀ kọjá nígbà tí iná bá wà lórí tábìlì, mítà mẹ́ta ni tiwa.

Ẹ yan ẹnì kan tó ní àṣẹ láti sọ pé “ó tó”, kí àwọn àlejò mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá fa ohun tí kò sí nínú àkójọ jáde nínú àpò, ẹni yẹn á dá wọn dúró, kò sì ní bẹ̀rù pé òun dójú ti ẹnikẹ́ni. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Bí wọ́n bá gbowó tí wọn ò ṣiṣẹ́, FCCPC ló ń gba ẹjọ́ oníbàárà, àdéhùn àti rìsíìtì ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè. Bó bá jẹ́ pé wọ́n hùwà ìbàjẹ́ sí ọmọ, ọlọ́pàá àti NAPTIP ni, lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ẹ jẹ́ ká parí rẹ̀ nínú ilé.

10. Ẹ kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀

Tiwa wà nínú fáìlì aláwọ̀ ewé kan ní ọ́fíìsì ọ̀gá ilé ìwé, ojú ìwé kan fún ilé iṣẹ́ kan. Ní táàmù tó kọjá, olùkọ́ kan pè wá láti Gwagwalada, ó ní àwọn kan fi orúkọ wa sílẹ̀ pé àwọn ti wá sọ́dọ̀ wa. Mo ṣí fáìlì náà, mo kà á fún un bó ṣe wà: wọ́n dé ṣáájú àsìkò, àwọn mẹ́rin tí wọ́n kọ orúkọ wọn náà ló wá, gíláàsì ojú kù díẹ̀ kó tó, ọmọ mẹ́jọ ní láti dúró de àwọn yòókù, práktíkà báálúùnù ò jáde nítorí òjò, ọmọbìnrin tó ń ṣe é sì jókòó ti àwọn ọmọ, ó ṣàlàyé ohun tí omi inú afẹ́fẹ́ ṣe fún un.

“Ṣé ẹ máa tún pè wọ́n, Mà?” ni olùkọ́ náà béèrè.

Mo ní a ti pè wọ́n fún oṣù kọkànlá, nígbà tí ọyẹ́ bá ti dé.